Mereana Kò Gbà fún Òtútù

Mereana jí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Imú rẹ̀ tutù rinrin.

"Haaa," ó mí. Èéfín funfun jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó tún mí. "Haaa!" Àfi bíi kẹ́tùlù omi tó ń hó!

Orí òkè ni ilé wọn wà, ní ìlú Dunedin, níbi tí òtútù ti máa ń mú gan-an. Ilé onípákó ni. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti kọ́ ọ, kí wọ́n tó bí Màmá àgbà pàápàá.

Yàrá Mereana ló kéré jù nínú ilé náà. Òun náà ló tutù jù. Ṣùgbọ́n Mereana fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo yàrá lọ, torí pé tirẹ̀ ni.

Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Fííí!

Fèrèsé ń gbọ̀n. Gbà-gbà-gbà!

Eyín Mereana náà ń gbọ̀n. Kẹ-kẹ-kẹ!

Ó sáré lọ sí pálọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru wà. Kúmárà, ológbò wọn, nà gbalaja síwájú ẹ̀rọ náà.

"Huu… huu… kọ́-kọ́-kọ́," ni ẹ̀rọ náà ń ṣe, bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú. Atẹ́gùn tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò lè mú ìka kan móoru.

Bàbá jókòó síbẹ̀, wọ́n fi kúbùsù bora.

"Mereana," Bàbá ní, "a máa ti yàrá rẹ pa. Pálọ̀ níbí ni gbogbo wa máa sùn títí òtútù á fi lọ."

"Mi ò gbà!" ni Mereana wí.

"Ṣé o fẹ́ gan sínú yàrá yẹn ni?"

"Mi ò gbà!"

"Ẹ̀rọ yìí ti darúgbó, ọmọ mi. Ilé náà ti darúgbó. Bí ilé àtijọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Màmá àgbà náà ti darúgbó," ni Mereana fèsì, "ara wọn ṣì ń gbóná!"

Màmá àgbà ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì lọ́wọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí o! Ta lò ń pè lárúgbó?"

Mereana padà sí yàrá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Gbàà!

Ó dúró lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó na ìka.

"Òtútù! Yàrá mi nìyí. Jáde!"

"Fííí!" ni òtútù wí.

"Mo ní kó o jáde!"

"Fííííí!"

Mereana dé fìlà kan. Ó dé fìlà kejì lé e. Ó ki ìbọ̀sẹ̀ sí ọwọ́. Ó jókòó, ó ká apá mọ́ àyà.

"Èmi kọ́ ni màá jáde. Ìwọ ni!"

Kò-kò-kò! Màmá àgbà ló ń kan ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ wá lé mi jáde ni?"

"Rárá o. Mo wá gbè ọ́ níjà ni," ni Màmá àgbà wí. "Àmọ́ a kì í bá ẹni tí a ò rí jà. Ibo ni òtútù yìí ń gbà wọlé?"

Mereana ronú. Ó wo ìrọ̀rí rẹ̀. Ìyẹ́ kékeré kan yọrí jáde lára rẹ̀. Ó fà á yọ. Fìtì!

Ó gbé ìyẹ́ náà sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyẹ́ fò!

"Mo ti rí ọ!" ni Mereana pariwo.

Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìyẹ́ tún fò!

"Mo ti rí ọ!"

Ó gbé e sí igun ilẹ̀, níbi tí pákó méjì ti ya ara wọn. Ìyẹ́ fò gba iwájú imú Màmá àgbà kọjá.

"Èyí burú o!" ni Màmá àgbà wí. "Gbé àpò àkísà mi wá!"

Wọ́n ki àkísà sí ihò ilẹ̀. Wọ́n lẹ rọ́bà mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Màmá àgbà rán aṣọ gígùn kan, wọ́n ki òwú sí i, ó gùn bí ejò. Wọ́n tẹ́ ẹ sí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Fííí… fíí… fí.

Kẹ́kẹ́ pa.

"Kò lè wọlé mọ́," ni Màmá àgbà wí.

"Àmọ́ ooru ò tíì dé," ni Mereana wí. Ó gbọ̀nà pálọ̀ lọ, pẹ̀lú fìlà méjèèjì lórí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣí ikùn ẹ̀rọ yìí."

"Ó ti tán fún ẹ̀rọ yẹn, Mereana."

"Mi ò gbà! Ẹ ṣáà ṣí i!"

Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n pa iná ẹ̀rọ náà. Wọ́n yọ okùn rẹ̀ lára ògiri. Wọ́n ṣí i. Pá!

Asẹ́ kan wà nínú rẹ̀. Ohun kan bo asẹ́ náà. Ó nípọn. Ó rí eérú-eérú. Ó kún fún irun!

"Yéè!" ni Mereana ké. "Ológbò míì wà níbẹ̀!"

"Kì í ṣe ológbò," ni Bàbá wí. "Irun Kúmárà ni!"

Gbogbo wọn yíjú sí Kúmárà. Kúmárà ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

"Ìgbà wo lo ti ṣí i kẹ́yìn?" ni Màmá àgbà bi Bàbá.

Bàbá họ orí. "Mi ò ṣí i rí."

"Ìwọ lo wá ń sọ pé ó darúgbó!"

Wọ́n gbọn asẹ́. Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Wọ́n dá a padà, Bàbá sì tan ẹ̀rọ.

HUUUUU!

Ooru ya jáde. Irun Kúmárà dìde fọ́ọ́! "Ńyáù!"

Pálọ̀ móoru. Ṣùgbọ́n yàrá Mereana jìnnà.

"Ooru ò lè rìn dé ọ̀hún," ni Bàbá wí. "Máa bọ̀ wá sùn níbí."

"Mi ò gbà! Tí kò bá lè rìn, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ!"

Bàbá wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n pe Àǹtí Losa tó ń tún ẹ̀rọ ilé ṣe.

Ní ọjọ́ Ajé, Àǹtí Losa dé. Wọ́n gbé àkàbà dání, pẹ̀lú fáànù kékeré kan, àti páìpù rírọ̀ kan tó dà bí ekòló ńlá.

"Ta ló ránṣẹ́ pè mí?"

"Èmi ni!" ni Mereana wí.

"Ẹ rántí pé ilé àtijọ́ ni o," ni Bàbá wí.

"Ilé àtijọ́ ló dáa!" ni Àǹtí Losa fèsì. "Ẹ wo bí òkè àjà yín ṣe láyè tó!"

Wọ́n gun òkè àjà lọ. Gbì! Gbì! Gírírírí! Eruku dà sórí Bàbá.

Ihò róbótó kan là lókè yàrá Mereana. Ojú kan yọ níbẹ̀.

"Onílé, ẹ ǹlẹ́ o!" ni Àǹtí Losa kí i.

Wọ́n so páìpù mọ́ ihò náà. Wọ́n tan fáànù. Ó fa ooru láti pálọ̀. Ó gbé e gba òkè àjà. Ó tú u sórí Mereana.

Fuuuu…

Mereana ṣí fìlà kan. Ó ṣí ìkejì. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó fò lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Òtútù, ṣé o rí i? Èmi ṣì wà níbí!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò ń rọ̀. Màmá àgbà gbé búrẹ́dì gbígbóná wá sí yàrá Mereana. Bàbá gbé tíì wá. Kúmárà ò kan ilẹ̀kùn, ó kàn fò sórí bẹ́ẹ̀dì ni.

"Gbogbo ilé yìí," ni Mereana wí, "ṣé ẹ ò ríbòmíì jókòó sí ni?"

"Ibí ló móoru jù," ni Bàbá wí. "Jọ̀ọ́, ṣé àyè wà?"

Mereana sún díẹ̀.

"Àyè wà. Àmọ́ ẹ tètè ti ilẹ̀kùn o, ooru mi ń jáde!"