Òkè Ti Tán, Ilé Ti Dé

"Níbo ni kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi wà?"

Opó olóògbé ló béèrè bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Àbúrò olóògbé dorí kodò. Olùkọ́, ọ̀rẹ́ olóògbé láti kékeré, na ọwọ́ sí ife omi. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, kó tó wá rí i mú.

Yàrá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfurufú ni wọ́n jókòó sí, létí pápá kékeré tí àwọn aládàáni ti ń fò. Rédíò ń pariwo lójú fèrèsé. Lórí tábìlì kan lẹ́bàá ògiri, àwòrán olóògbé ń tàn nínú férémù oníná, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tẹ́ẹ̀pù dúdú tín-ín-rín sì wà ní igun rẹ̀ lókè bí àmì ọ̀fọ̀. Olùkọ́ ló ṣètò tábìlì náà. Ìdí rẹ̀ ni opó máa ń jókòó sí lójoojúmọ́.

Àwòdì ni gbogbo èèyàn ń pe olóògbé nígbà ayé rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, kùrukùru bo ilẹ̀ bí òwú. Ó gbéra, ó fò lókè kùrukùru náà bí ó ti máa ń ṣe, ó yí padà, ó ń bọ̀ wálé. Ó sì lọ forí ọkọ̀ sọ òkè kan ṣoṣo tó mọ̀ bí ẹní mọ owó. Àwọn aláṣẹ ti fẹ́ pa fáìlì ikú rẹ̀ dé: àṣìṣe awakọ̀ ni.

"Ọmọ mi á wá dàgbà," ni opó wí, "wọ́n á máa sọ fún un pé bàbá ẹ̀ ò mọ̀nà ilé."

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, tí wọ́n ń pè ní Má-Kánjú, ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti lọ wo àfọ́kù ọkọ̀ náà. Gbogbo rẹ̀ ti rún wómúwómú. Ṣùgbọ́n ìkọ́ tó di kọ̀ǹpútà tó fi ń wo máàpù mú níwájú awakọ̀ kò ṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n ṣí i. Ikú kì í fara balẹ̀ ṣí ìkọ́. Ọlọ́pàá sì ti tú àpò, àpótí àti mọ́tò gbogbo wọn ní géètì, wọn ò rí nǹkan kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

"Mo gbọ́ pé ìwọ àti ẹ̀ jà."

"Màmá, ta ni ò bá Àwòdì jà rí? Ó ní mo fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin kan ẹ́ńjìnnì òun. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yẹn ń ṣiṣẹ́ títí ó fi kanlẹ̀. Ẹ wo bí abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ̀ ṣe ká kò. Èyí tó ti dákẹ́ kì í ká bẹ́ẹ̀."

Ó wá kan àbúrò.

"O fẹ́ gba ọkọ̀ náà."

"Mo fẹ́ ẹ, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ní mi ò tíì gbọ́n tó. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó fẹ́ gun ẹṣin ló máa fọ́ ẹṣin mọ́lẹ̀?"

Ó wá ku Olùkọ́.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ dé ibẹ̀."

"Èmi ni, mà. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí rédíò: 'Mo ti kọjá òkè, mo ń sọ̀kalẹ̀.' Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Ni mo bá sáré gun orí òkè. Nígbà tí mo débẹ̀, ìkọ́ ti ṣófo."

Má-Kánjú mi orí. Ohun kan nínú ọ̀rọ̀ náà kò tọ́ lójú rẹ̀, kò tíì mọ èyí tó jẹ́.

Níta, ó bá ọlọ́dẹ pápá níbi tó ti ń di ẹrù.

"Mò ń lọ ni, mà. Ọkọ̀ ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́, wọn ò sọ ti òkú."

"Òkú wo?"

"Láàárọ̀ kùtù òní, kí àwọn èèyàn tó dé, kí wọ́n tó tan rédíò, mo ń gbálẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Àwòdì nínú yàrá ẹgbẹ́. 'Òkè ti tán, ilé ti dé.' Mo wọlé. Kò sẹ́nì kankan. Àwòrán ẹ̀ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín sí mi."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo kí i ni! Ẹni tó kú tó ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ò ní kí i?"

Má-Kánjú kọ ọ́ sílẹ̀. Ó padà lọ bá opó, ó sọ gbólóhùn náà fún un. Ẹkún gbọ̀n obìnrin náà.

"Ọmọ wa ló ń bẹ̀rù òkè yẹn. Bàbá ẹ̀ bá gba ohùn ara ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí àmì ọkọ̀ bá ti kọjá òkè lórí máàpù, á sọ ọ́ síta, ọmọ á pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ nìkan ló ti máa ń sọ ọ́. Ìgbà tí òun àti Olùkọ́ jọ ń to ọ̀nà sínú ẹ̀ ló fi í sí i."

Má-Kánjú ronú. Sátẹ́láìtì ló ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé ibí ló wà. Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹgbẹ́, tí kò kúrò lójú kan, ta ló sọ fún un pé ó ti kọjá òkè?

Ó pe mẹkáníìkì. "Ṣé a lè tan ẹ̀rọ yẹn jẹ?"

"Ètò ìdánrawò wà nínú ẹ̀, Màmá. Olùkọ́ ló máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ó yan bó ṣe máa yára tó, ẹ ó tẹ 'bẹ̀rẹ̀', àmì ọkọ̀ á máa fò lórí máàpù nígbà tí ẹ̀yin wà lórí àga. Tó bá gúnlẹ̀, á tún gbéra. Iná pupa kékeré kan máa ń ṣẹ́jú ní igun òkè, kó má baà rú èèyàn lójú."

"Igun òkè," ni Má-Kánjú wí.

Ó kó gbogbo wọn jọ padà sínú yàrá. Ó pa rédíò. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọlé bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè.

"Olùkọ́. Àwòdì ní òun ti kọjá òkè. Apá ilé ni gbogbo èèyàn ti ń wá a kiri. Kí ló gbé ìwọ nìkan lọ sórí òkè?"

Olùkọ́ tún ń fi ọwọ́ wá ife omi.

"O mọ ibi tó máa ṣubú sí, torí ìwọ lo yàn án fún un. O fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí ìdánrawò kó tó gbéra. O mú àmì ọkọ̀ yára díẹ̀ ju ọkọ̀ gidi lọ. O bo iná pupa mọ́lẹ̀. Nínú kùrukùru, máàpù ni ojú rẹ̀. Máàpù ní òkè ti tán. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ní ilé ti dé. Ó gbà á gbọ́."

"Irọ́ ni! Ẹ mú ẹ̀rọ náà jáde ká rí i!"

Má-Kánjú fa àga, ó jókòó, ó ń wo aago. Atẹ́gùn fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí. Olùkọ́ ń làágùn.

"Òkè ti tán. Ilé ti dé."

Ohùn Àwòdì ni, ó tutù, ó súnmọ́ wọn. Àbúrò rẹ̀ fò sókè. Olùkọ́ fẹ́ di àga mú, ọwọ́ rẹ̀ tàsé, ó fi orúnkún kanlẹ̀.

"Mo pa á lẹ́nu mọ́! Mo tẹ ibi ohùn, mo tẹ̀ ẹ́!"

"O ò rí ibi tó o tẹ̀," ni Má-Kánjú wí jẹ́jẹ́. "Ojú rẹ ti ń ṣú."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. "Òun nìkan ló mọ̀. Ó ní òun máa sọ fún àwọn aláṣẹ, kí n má baà gbé ọmọ ọlọ́mọ ṣubú. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Tí wọ́n bá gba òfurufú lọ́wọ́ mi, kí ló tún kù fún mi?"

"O yọ ọ́ lára ọkọ̀, ọlọ́pàá sì ń tú àpò ní géètì. Ibi tí gbogbo ojú wà nìkan ló kù tó o lè fi pamọ́ sí. Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Opó ti dìde. Ó rìn lọ sídìí tábìlì tó ti ń sunkún sí láti ọjọ́ yìí. Ó ṣí tẹ́ẹ̀pù dúdú kúrò ní igun àwòrán. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka kan ti ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, máàpù sì yọ: òkè ti wà lẹ́yìn, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan sì rọra ń sọ̀kalẹ̀ sílé.