Ta Ló Kó Ewé Kúrò Lójú Ọ̀nà?

Nínú kòtò tí àgbàrá gbẹ́ sáàárín ọ̀nà igbó ni wọ́n ti gbé òkú nọ́ọ̀sì jáde, òun àti alùpùpù rẹ̀. Aboyún kan ní àgọ́ àwọn agégẹdú ló ń lọ gbẹ̀bí fún. Ọ̀nà ọ̀hún, ìbò dé, àwọn olóṣèlú ṣèlérí àtúnṣe. Ìbò lọ, ilẹ̀ ń jẹ ara rẹ̀ lọ.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ni gbogbo èèyàn nawọ́ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ọ̀nà bá ya, kó ré ewé tútù dí i. Ẹni tó bá ṣí ewé kọjá gbọ́dọ̀ dá a padà; ẹni tó ń lo ọ̀nà yẹn tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí. Àmọ́ wọn ò bá ewé kankan níbẹ̀. Wọ́n ti ẹ̀ṣọ́ mọ́lé, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó gba ẹjọ́ náà. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀ṣọ́ sọ fún un pé bí òjò ṣe dá láàárọ̀ lòun ti ré ewé, òun sì ya etí ṣẹ́ẹ̀tì òun so mọ́ ọn, nítorí ewé lásán máa ń jọ èyí tí ìjì já.

"Bí mo bá purọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ n ṣẹ̀wọ̀n."

Abẹ́rẹ́ ò sọ ti aṣọ yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ síbi kòtò. Ó rí ewé náà nínú igbó, tòun taṣọ, ó sì rí àpá táyà oníbejì, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, létí kòtò.

Ó bá awakọ̀ gẹdú níbi tí wọ́n ti ń la igi, ó ń di nọ́ọ̀tì táyà. Ìyẹn ní àná lòun ti jáde nínú igbó, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan kú. Ó ṣeni láàánú.

"Ẹ̀ṣọ́ yẹn ló fà á. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Àkísà tó so mọ́ ewé, ta nìyẹn fẹ́ dá dúró?"

"Àkísà wo?"

Ọwọ́ awakọ̀ dúró lórí nọ́ọ̀tì.

"Ìgbà tójò dá ni ẹ̀ṣọ́ tó so ó," Abẹ́rẹ́ wí. "Ìwọ ní o ti kọjá kójò tó dé. Báwo lo ṣe rí i? Ọkọ̀ ẹ nìkan ló sì ní táyà oníbejì nínú igbó yẹn."

Awakọ̀ jókòó sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òun fẹ̀, ó lè fi kòtò náà sáàárín táyà kọjá. Òun ju ewé sígbó kóun lè kọjá ni.

"Mo ní bí mo bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, n ó dá a padà. Ta ló ń gbabẹ̀ lọ́sàn-án?"

Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ pe àgọ́ ọlọ́pàá pé kí wọ́n tú ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá awakọ̀ lóhùn.

"Fóònù ẹ ti kú láti àárọ̀. Mo ti dé àgọ́ àwọn agégẹdú. Ìyàwó ẹ ni aboyún tó ń rọbí. Ìyá rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì."

Awakọ̀ dìde.

"Ìyàwó mi àti ọmọ ńkọ́?"

"Ìyàwó ẹ wà láàyè."

Ọkùnrin náà ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń dúró de ti ọmọ. Abẹ́rẹ́ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.