Kókó Irin Mẹ́ta

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pe Ibinabo, Kafilat kò dáhùn. Ó dúró láàárín àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rìndínlógún tó wá ṣe ìdánwò iṣẹ́ irin jíjó, ó ń wo odò tó wà lẹ́yìn ògiri, bí ẹni pé orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Orúkọ ẹlòmíràn náà sì ni. Ìgbà tí Tamunotonye, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì ló tó rántí pé òun ni Ibinabo láti àná.

"Mo wà níbí, sà," ó dáhùn ní Pijin.

Ẹni tó ń pe orúkọ gbójú sókè. Olóyè Sotonye ni, àgbàlagbà kan tó ní ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ní Borokiri, àdúgbò etí omi kan ní Pọ́takọ́tì. Òun ni olórí àwọn mẹ́ta tí àdúgbò yàn láti ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń tún ọkọ̀ òkun ṣe.

"Ṣé orúkọ rẹ ti sú ọ ni?" ó bi í.

Àwọn ọmọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n rọra ṣe, pé ọmọge ajórin ṣì ń lé tìróò lọ́wọ́. Kafilat kò wo ẹ̀yìn. Ó mú ìbòjú ajórin, ó lọ sídìí irin tirẹ̀.

Ọ̀dọ́ mẹ́wàá ni ilé iṣẹ́ náà fẹ́ gbà. Wọn yóò kọ́ wọn fún ọdún kan, wọn yóò sì máa sanwó oṣù fún wọn, ṣùgbọ́n ọmọ bíbí àdúgbò nìkan ni wọ́n ń fẹ́, ìwé àdúgbò ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Borokiri ni wọ́n bí Kafilat sí. Ibẹ̀ ló ti kàwé dé ìwé mẹ́wàá, Pijin sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àkíbù bàbá rẹ̀ ti wá ní ọdún 1999, kò sì sí ìwé tó lè sọ ọmọ Àkíbù di ọmọ ibẹ̀.

Ajórin ni Àkíbù. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ti tilẹ̀kùn, iṣẹ́ tó ń wọ inú búkà irin rẹ̀ kò tó nǹkan. Àràárọ̀ ló ń lọ dúró lẹ́nu géètì èbúté pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́, ará Kwara, Ìgbò àti Haúsá tí àìríṣẹ́ kó jọ síbẹ̀, kí ọ̀gá kan lè jáde wá nawọ́ sí wọn: ìwọ, ìwọ, àti ìwọ. Wọn kì í sábà nawọ́ sí ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní ìjẹta, ó sọ fún Ganiyat ìyàwó rẹ̀ pé bí ààwẹ̀ bá parí tí iṣẹ́ kò yọjú, gbogbo wọn yóò kó padà sílé.

Kafilat gbọ́ ọ láti inú yàrá, oorun sì dá lójú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Níbẹ̀, ọmọ Pọ́takọ́tì ni wọ́n ń pè é. Ní Pọ́takọ́tì, ọmọ Yorùbá ni wọ́n ń pè é.

Tamunotonye ló bá a lọ́nà lọ́jọ́ kejì. Ó ní ìwé ọmọbìnrin kan wà lọ́wọ́ òun, Ibinabo, tó ti lọ sí Bonny tí kò sì ní padà mọ́. Bàbá ọmọ náà ti kú láti ọdún mọ́kànlá, kò sì sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa.

"Orúkọ tó wà nílẹ̀ lásán ni," ó wí. "Wọ̀ ọ́ bí aṣọ. Ta lo jà lólè?"

Kafilat wo ìwé náà. Níbi tí wọ́n ti béèrè bàbá, wọ́n kọ "olóògbé" sí i. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìdí nìyí tó fi wà níwájú irin pẹlẹbẹ méjì, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fa ìbòjú sílẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà á lọ. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ ọ bí a ṣe ń mú ọwọ́ dúró, bí a ṣe ń gbọ́ ohùn iná kí irin má bàa lu. Ó jó irin náà pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò dúró, kò sáré. Ó fi òòlù kékeré lu èépá rẹ̀ kúrò, ojú ibi tó jó sì tẹ́ bí ojú rírán aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó máa ń ṣe lójoojúmọ́ láìbi í léèrè. Ó fi ọ̀pá ìjórin kan ìdí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kókó irin mẹ́ta sì tò lé ara wọn, wọn kò ju kóró ata gbígbẹ lọ.

Àwọn àgbà mẹ́ta náà ń yẹ iṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Olóyè Sotonye dé ọ̀dọ̀ Kafilat, ó gbé irin náà, ó mi orí pé ó dára. Lẹ́yìn náà ló fi àtàǹpàkò pa ìdí rẹ̀. Ó dúró. Ó tún pa á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé irin náà dání lọ sí ìdí tábìlì.

Ìgbà yẹn ni Kafilat rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Wọ́n ka orúkọ àwọn tó yege. Ibinabo ló ṣáájú. Àwọn yòókù ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Olóyè ní kí Ibinabo súnmọ́ òun.

"Àmì yìí wà lára ìdákọ̀ró ọkọ̀ mi," ó wí. "Ó wà lára géètì ilé mi. Àkíbù, ọkùnrin Yorùbá nì, ló ń ṣe é, n kò sì rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí. Báwo lo ṣe jẹ́ sí i?"

Kafilat wo Tamunotonye. Tamunotonye ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ọ̀gá mi ni, sà. Ó kọ́ mi níṣẹ́." Ó fi kún un: "N kò mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Olóyè ní ó dára, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ dúró fún un. Ó ní Àkíbù kò lè jìnnà, pé ẹnu géètì ló máa ń wà. Tamunotonye yára ní òun yóò lọ pè é. Olóyè ní kó jókòó, ó rán ẹlòmíràn.

Kò pẹ́ rárá, àmọ́ lójú Kafilat ó gùn ju ọjọ́ ààwẹ̀ lọ. Ó ń ronú pé bóyá wọ́n ti mú bàbá òun lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Ó gbàdúrà pé kí wọ́n ti mú un. Lẹ́yìn náà ló rí i tó wọlé, tó ń yára rìn, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, àpò irinṣẹ́ léjìká rẹ̀. Ó rò pé iṣẹ́ ni wọ́n pe òun sí.

"Àkíbù," ni Olóyè wí, "Ibinabo nìyí. Ó yege ju gbogbo wọn lọ. Ó ní ìwọ lo kọ́ òun níṣẹ́. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Àkíbù wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ìwé tó wà lórí tábìlì, ó wo Tamunotonye. Kafilat rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀rín náà sì ń lọ. Ó rọra sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n, Olóyè. Ọmọ iṣẹ́ mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ẹ gbà á."

"Ọmọ ta ni?"

Àkíbù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀yin lẹ ní ìwé lọ́wọ́."

"Ìwé ní bàbá rẹ̀ ti kú."

Ẹnì kan ti pa jẹnẹrétọ̀.

"Bí ìwé bá ti wí bẹ́ẹ̀," ni Àkíbù dáhùn, "a jẹ́ pé ó ti kú."

Ó bẹ̀rẹ̀ kó gbé àpò rẹ̀. Kafilat mọ̀ pé bí ó bá ti gbé e kọ́ èjìká, tó sì jáde, iṣẹ́ ti di tòun. Wọn kò ní kó lọ síbì kankan mọ́. Kìkì pé kó pa ẹnu mọ́ títí bàbá òun yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ni.

"Bàbá," ó wí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. "Bàbá, ẹ má lọ."

Ó yíjú sí Olóyè. "Bàbá mi nìyí, sà. Kò kú. Kafilat ni mo ń jẹ́."

Olóyè Sotonye kò pariwo. Ó fa ìlà sórí orúkọ náà, ó sì ní Kafilat kò gbọ́dọ̀ wá sí ìdánwò kankan ní àdúgbò náà fún ọdún mẹ́ta. Ó gba òǹtẹ̀ àdúgbò lọ́wọ́ Tamunotonye lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní òun mọ ìdílé Ibinabo, bí òun kò tilẹ̀ mọ ojú ọmọ náà. Ìyá ọmọ náà ló wà lórí àìsàn ní Bonny tó lọ tọ́jú, kò sì sẹ́ni tó fi ọjọ́ ìdánwò ránṣẹ́ sí i. Níkẹyìn ló wo Àkíbù.

"Ìwọ náà," ó wí. "Ogún ọdún ni mo ti gbà ọ́ gbọ́."

Bàbá àti ọmọ rìn délé. Nígbà tí wọ́n dé iwájú búkà irin ni Àkíbù jókòó sórí àgbá òfìfo kan.

"Ṣé o mọ ìdí tí mo fi ń fi kókó mẹ́ta sí ìdí iṣẹ́ mi?"

Kafilat ní òun rò pé kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dára ni.

"Iṣẹ́ tó dára kò nílò àmì. Nítorí ọjọ́ tó bá tú ni. Kí ẹni tó ni ín lè mọ ẹni tí yóò gbé e padà wá bá." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti jóná níbi púpọ̀. "Ìwọ fi àmì wa sí abẹ́ orúkọ olórúkọ. Èmi náà sì bá ọ jó irọ́ mọ́ ọn. Àwa méjèèjì la bà á jẹ́."

Nígbà tí Ibinabo dé láti Bonny, Kafilat lọ sílé wọn fúnra rẹ̀, ó sì rò ó fún un láì fi ọ̀kan pamọ́. Ibinabo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ni èmi nìyẹn?" ó wí. Kò ní kó jókòó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá láti wá ṣe ìdánwò tirẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti jó irin gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kẹta ó wá sí búkà irin. Kafilat fún un ní ìbòjú, wọ́n sì jọ jó irin títí ó fi yege.

Ààwẹ̀ parí. Ganiyat kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú Faruk, àbúrò Kafilat. Àkíbù ní òun àti Kafilat yóò dúró di Iléyá, bí kò bá sí àyípadà, àwọn náà yóò tẹ̀lé wọn. Olóyè Sotonye kò gbé nǹkan kan wá mọ́. Nígbà tí ìdákọ̀ró rẹ̀ kan tú, wọ́n rí i tó gbé e kọjá lọ sọ́dọ̀ ajórin mìíràn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí Iléyá pé nígbà tí Olóyè yọ síbẹ̀ láàárọ̀, ọkùnrin méjì ń gbé àkàbà irin tẹ̀lé e. Àkíbù wà ní ẹnu géètì, Kafilat nìkan ló wà nílé. Olóyè fi ìka hàn án níbi tí àkàbà náà ti là, àti kókó mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.

"Ó tú," ó wí. "Ìwọ tàbí òun?"

Kafilat lóṣòó tì í, ó wo ibẹ̀ dáadáa. Ó lè sọ pé bàbá òun ni. Ó lè sọ pé òun kò rántí.

"Èmi ni, sà. Lọ́dún tó kọjá. Mo kánjú ṣe é ni. Màá tún un ṣe, ẹ kò ní fún mi ní nǹkan kan."

Olóyè gbójú sókè wò ó. "Kí lo tún ní orúkọ rẹ ń jẹ́?"

"Kafilat, sà. Ọmọ Àkíbù."

Ó mi orí, ó ní kí àwọn ọkùnrin náà sọ àkàbà kalẹ̀. Ó ní bí bàbá rẹ̀ bá dé, kó sọ fún un pé ọkọ̀ kan wà létí omi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe, kó wá wò ó lọ́la.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́, ebi lè ti ènìyàn dé ibi tí orúkọ ara rẹ̀ yóò fi wúwo lójú rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ nítorí iṣẹ́. Ẹni tó bá fi orúkọ ẹlòmíràn wọlé, orúkọ ẹlòmíràn ni wọn yóò máa pè é títí, yóò sì máa bẹ̀rù ọjọ́ tí olórúkọ yóò dé. Orúkọ tí a bí wa sí lè má ṣílẹ̀kùn kíákíá, ṣùgbọ́n òun nìkan ni a lè fi dáhùn nígbà tí ohun tí a jó bá tú.

Kafilat fa ìbòjú sílẹ̀, ó jó àkàbà náà láìkánjú. Nígbà tó parí, ó fi kókó irin mẹ́ta sí ìdí rẹ̀.