Ọkọ̀ Egya Kwansa Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n kan ló so kọ́ lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó jókòó sórí pákó bí ọba tó gorí ìtẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń mì nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó fà á sókè kì í ṣe ọkùnrin bíi tirẹ̀ o. Adoma ni, ọmọbìnrin tó kéré jù lọ ní kíláàsì kejì. Okùn náà gba ara àwọn kẹ̀kẹ́ okùn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi, Adoma yí etí rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó fi gbogbo ara fẹ̀yìn sí i, ó sì ń fi ọwọ́ kan ju ẹ̀pà sẹ́nu.

Ohun tí Ekua Mensima kọ́kọ́ rí nìyẹn lọ́jọ́ tó ti ìsinmi dé sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ sórí yanrìn, ó dúró wòran. Ọkùnrin náà ń ṣàlàyé látòkè bí oníwàásù.

"Adoma ò lágbára jù yín lọ," ló ń wí. "Okùn mẹ́rin ló bá a pín mi gbé, ìdá kan péré ló kàn án. Àmọ́ kò sí ọ̀fẹ́ o! Kí n tó fi mítà kan ga, mítà mẹ́rin okùn ló gbọ́dọ̀ fà. Ohun tí ẹ bá jèrè nínú ipá, ẹ ó san án padà nínú gígùn okùn."

"Tíṣà," Ekua pè é, "bí ẹ̀pà ọmọ yẹn bá wá tán ńkọ́?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wolẹ̀, ó rí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó káwọ́ gbera, tí ẹ̀rín ń yọ létí ẹnu rẹ̀. Kò mọ̀gbà tó gbàgbé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáámú, ẹ má rán an létí pé mo wà lókè."

"Ẹ má ṣèyọnu. Ẹni tó bá gòkè, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ lọ́nà ìsàlẹ̀."

Yaw Dwomoh lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Asante ní ìhà Kumasi ló ti wá, inú igbó lọ́hùn-ún, kò sì tíì gbé etíkun rí láyé rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pín iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì: ipá àti ìrìn àwọn nǹkan ni ti Dwomoh, ooru ni ti Ekua. Ògiri tó wà láàárín kíláàsì wọn ò kan àjà, nítorí náà, bí Ekua bá ń sọ bí omi ṣe ń hó, ó ń gbọ́ tí Dwomoh ń sọ nípa bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sókè. Nígbà tó yá, ó di pé ó ń dákẹ́ díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kó lè gbọ́ tẹni ẹlẹ́ni. Àwọn ọmọ ti rí i. Ta ló tún ń rí nǹkan tó ọmọ ilé ìwé?

Lọ́dọọdún ni Ekua máa ń kó kíláàsì rẹ̀ lọ síbi ààrò tí ìyá rẹ̀, Maame Botwe, ti ń yan ẹja létí òkun. Ààrò náà kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ ju ìwé lọ. Wọ́n á to àtẹ ẹja lérí ara wọn, iná kan ṣoṣo á wà nísàlẹ̀, ooru á máa gòkè láti orí àtẹ kan dé orí èkejì. Lọ́dún yẹn, Dwomoh ní òun náà fẹ́ wá wò ó. Ó wá. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta ńkọ́, ó tún ti dé.

"Ekua," Maame Botwe bi ọmọ rẹ̀ létí, "ṣé ẹ̀kọ́ iná yìí ò tíì yé tíṣà yín yìí ni?"

"Orí rẹ̀ le díẹ̀ ni, Maame."

"Orí rẹ̀ ò le. Bu ẹja fún un kó jókòó."

Bí Dwomoh ṣe di ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ nìyẹn. Yóò jẹ kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo líle tí wọ́n ń wé, pẹ̀lú ẹja ṣàwá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ata á ta á, imú á máa ṣomi, kò sì níí dìde. Àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sọ ọ́. Ó pẹ́ títí, ó sú Ekua.

"Yaw," ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "ìwọ lo ń kọ́ àwọn ọmọ pé ohun tó bá jókòó, á máa jókòó bẹ́ẹ̀ ni títí ipá kan á fi tì í. Ta ló máa wá tì ẹ́?"

Dwomoh wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "O ti tì mí tipẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti wà lórí igi yẹn. Mo wúwo ni. Ohun tó bá wúwo kì í tètè gbéra."

"Bó bá wá gbéra ńkọ́?"

"Kì í tètè dúró." Ó gbójú sókè, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ekua. Mo fẹ́ wá kan ilẹ̀kùn yín, kí n tọrọ rẹ."

Inú Ekua dùn débi pé ó da ata sínú omi tó fẹ́ mu.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń sọ yìí, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà: Egya Kwansa, ẹ̀gbọ́n Maame Botwe lọ́kùnrin, tí Ekua ń pè ní Wòfa bí wọ́n ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìdílé ìyá ló ni ọmọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bàbá Ekua ti lọ sí Abidjan nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kò sì padà. Wòfa ló gbé e pọ̀n, Wòfa ló rán an nílé ìwé, ẹja inú ọkọ̀ Wòfa ló sì sọ ọ́ di tíṣà. Bí kò bá gba ọtí lọ́wọ́ ọkùnrin kan, kò sígbeyàwó níbẹ̀. Ekua fúnra rẹ̀ ò sì lè fẹ́ ọkọ tí Wòfa ò fọwọ́ sí. Kò níí lè sùn.

Àmọ́ Wòfa ò bínú sí Dwomoh. "Ará igbó," ló ń pè é. "Ẹni tó jẹ́ pé inú agolo ló ti ń mọ ẹja!" Ó gbà pé kí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn bí sáà ilé ẹ̀kọ́ bá parí. Ó tún gbà nígbà tí Ekua bá Dwomoh bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn ọmọ fi ọkọ̀ rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n fi okùn àti kẹ̀kẹ́ okùn fà á gòkè díẹ̀ sórí yanrìn.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dáa jù," Ekua sọ fún Dwomoh. "Ẹnikẹ́ni kì í lọ sókun lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ọkọ̀ ló máa wà nílẹ̀."

Ó mọ sí ìyẹn. Pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti òkun fúnra rẹ̀, pé ọkọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, Ekua ò sọ. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ta ló ń sọ ọ́? Dwomoh ní tirẹ̀ rò pé àwọn apẹja kàn ń sinmi ni, bí àwọn mìíràn ṣe ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú.

Iṣẹ́ náà kọ́kọ́ dùn. Wọ́n so kẹ̀kẹ́ okùn mọ́ ìdí àgbọn, wọ́n to igi róbótó sábẹ́ ọkọ̀, àwọn ọmọ fà á, ọkọ̀ gòkè. Dwomoh ní kí wọ́n ṣàkíyèsí pé kí ọkọ̀ tó gbéra ló le, bó bá ti ń yí lórí igi, ó ti rọrùn. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ ká tún fà á," ló wí. Ibẹ̀ ni okùn ti tú. Ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, igi ti tutù, ọkọ̀ ò sì dúró gbọ́ àlàyé ẹnikẹ́ni. Ó yí wìrìwìrì, ó já sómi, ìgbì gbé e.

Bó bá mọ síbẹ̀, àwọn àgbà ì bá dárí jì í. Ọkọ̀ tó já, ọkọ̀ tó já ni. Àmọ́ Dwomoh bẹ́ sókun, ó gun ọkọ̀, ó mú àjẹ̀, ó sì wà á yí ká àpáta lọ síbi tí omi ti rọ̀. Òógùn bò ó. Nígbà tó gúnlẹ̀, gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta.

"Ekua! Mo gbà á là!"

Àwọn ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe ti dìde dúró. Ekua, tó sáré dé pẹ̀lú kíláàsì tirẹ̀, káwọ́ lérí. Gbogbo ìlú ti rí i: ọkọ̀ Egya Kwansa wà lórí omi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èèyàn sì wà nínú rẹ̀, ó ń wà á.

Olórí apẹja pe Egya Kwansa lọ́jọ́ kejì. Ìtanràn tó bù fún un ni àgùntàn kan, ọtí, àti pé kí ọkọ̀ náà má kan omi títí wọ́n á fi ní kó lọ. Ìgbà náà sì ni ṣàwá ń dé. Ọkọ̀ àwọn mìíràn ń kún wálé, ti Wòfa wà lórí yanrìn, ààrò Maame Botwe sì tutù.

Egya Kwansa ò pariwo. Ó kàn sọ fún Ekua pé, "Sọ fún tíṣà yẹn pé kó má kan ilẹ̀kùn mi."

Ìdí ààrò tó tutù yẹn ni Ekua ti bá Dwomoh.

"Mo rò pé mò ń ṣe é lóore ni," Dwomoh wí.

"Mo mọ̀. Èmi ni mi ò ṣàlàyé fún ẹ. Inú ń bí mi sí ẹ, inú ń bí mi sí ara mi, mi ò wá mọ èyí tó pọ̀ jù."

"Jẹ́ kí n pe àwọn àgbà Kumasi kí wọ́n wá bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Má rán ẹnikẹ́ni." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ. "Yaw, ohun gbígbóná àti ohun tútù, bí wọn ò bá súnmọ́ ara wọn, títí láé ni kálukú á máa wà bó ṣe wà. O mọ ìyẹn, èmi ni mò ń kọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Lọ jókòó tì í."

"Bó bá lé mi ńkọ́?"

"Á lé ẹ. Padà lọ."

Ekua náà lọ bá Wòfa rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni mo ní kó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Wòfa. Mi ò sọ èèwọ̀ fún un."

"Mo mọ̀," bàbá náà dá a lóhùn. "Ta ni ì bá tún sọ fún un? Ewúrẹ́? Dìde ńlẹ̀." Àmọ́ kò sọ pé òun ti dárí ji ẹnikẹ́ni.

Dwomoh lọ. Bí ilé ìwé bá ti jáde, yóò lọ jókòó lórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Egya Kwansa tó ń tún àwọ̀n ṣe. Wòfa lé e, ó padà wá. Wòfa sún síbòmíì, ó sún tẹ̀ lé e. Àwọn apẹja ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Atukọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, báwo lòkun?" Yóò dá wọn lóhùn pé òkun ń kí wọn. Nígbà tó yá, Wòfa dẹ́kun lílé e, kò kàn bá a sọ̀rọ̀ ni. Lọ́jọ́ kan ṣá, ó ju abẹ́rẹ́ àwọ̀n sí i lẹ́sẹ̀.

"Ìwọ tó o ní ọwọ́ méjì, ṣé ẹni tó ń wòran ni ẹ́?"

Àwọ̀n tí Dwomoh kọ́kọ́ rán burú jáì. Wòfa tú u, ó tún un ṣe, ó tún fún un. Ekua ń wò wọ́n lókèèrè láti ìdí ààrò, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì fẹ́ràn ọkùnrin yẹn tó báyìí rí.

Ọjọ́ tí wọ́n dá ọkọ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí gbogbo atukọ̀ ti pé. Wọ́n to igi, wọ́n di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Dwomoh dúró lókèèrè, kò fẹ́ súnmọ́ ọn. Egya Kwansa wò ó.

"Ará igbó! Ẹni tó ti ọkọ̀ mi sómi lọ́jọ́ tí kò yẹ, kó wá tì í lọ́jọ́ tó yẹ. Ẹ̀yìn ni kó o dúró, ibẹ̀ ló ń fẹ́ ẹni tó wúwo."

Wọ́n fi orin tì í. Ọkọ̀ wọmi. Nígbà tó bọ̀ lọ́sàn-án, ṣàwá kún inú rẹ̀, Maame Botwe sì dáná.

Nígbà tí sáà parí, àwọn àbúrò ìyá Dwomoh wá láti Kumasi pẹ̀lú ọtí ṣìnáàpù, wọ́n kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ṣí. Wọ́n sọ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà Egya Kwansa tí àwọn fẹ́ já. Àwọn ará ilé ní kí òdòdó jáde. Ekua jáde pẹ̀lú aṣọ tuntun, ó dúró níwájú Wòfa rẹ̀ kó lè bi í lẹ́ẹ̀mẹta bí àṣà ṣe wí.

"Ekua, àwọn àlejò yìí gbé ọtí wá. Ṣé ká gbà á?"

"Ẹ gbà á, Wòfa."

"Bí a bá mu ún, a ò lè bì í o! Ṣé ká gbà á?"

"Ẹ gbà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúró de ẹ̀kẹta. Egya Kwansa wo ọmọ tó fẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ní àwọn ò gbọ́.

"Kumasi jìnnà sókun, Ekua. Bó bá mú ẹ lọ, ta ni màá máa bá jà?"

Omi bọ́ lójú Ekua sára aṣọ tuntun.

"Bó bá mú mi lọ, Wòfa, èmi á máa mú un bọ̀. Ẹ gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀."

Bàbá náà ṣí ìgò, ó bu ọtí, ó kọ́kọ́ mu. Ó húkọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní ọtí Kumasi yìí mà le o. Kò sẹ́ni tó jà á níyàn. Ó tún bu òmíràn, ó nà án sí Dwomoh.

"Gbà, ọkọ ọmọ mi."

Dwomoh kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.