Kọ̀ǹpútà Tó Sùn Láàárín Orin

Dùnmínínú, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan, pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dìde lọ dá oníbàárà lóhùn, ó padà, ó tún tàn án. Ìyìn, tó wá tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, kà á títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin.

"Ẹ jọ̀ọ́, arẹwà, kí ni kọ̀ǹpútà yìí ṣe yín?"

"Bátìrì ínfátà tó ń gbé iná fún un ni mò ń ṣọ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀ ní títàn, ó ti tán kó tó di ọ̀sán."

"Ó lè máa sùn fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ yín bá kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ta ló máa wá jí i?"

"Ẹ̀yin náà. Ẹ kàn máa fọwọ́ kàn án ni."

Dùnmínínú rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣe é kí n rí i."

Ìyìn ṣe é. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yà wá lójoojúmọ́, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà sùn dáadáa. Àwa tá a jọ ń tajà nítòsí ibẹ̀ mọ ẹni tó ń bẹ̀ wò. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ fi di ti ìgbéyàwó.

Àfi bí Bàbá Ilésanmí, baba Dùnmínínú, ṣe gbé kásẹ́ẹ̀tì kan wá láti Ìjan. Ohùn ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló wà nínú rẹ̀, níbi tó ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí òmíràn. Ó ní kí ọmọ òun gbà á sínú kọ̀ǹpútà. Dùnmínínú ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú rédíò àtijọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ó sì bọ́ síta lọ bá oníbàárà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ló bá sùn lọ. Rédíò àtijọ́ náà kò sùn ní tirẹ̀. Ó ń yí kásẹ́ẹ̀tì lọ títí ó fi jẹ ẹ́ já wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Dùnmínínú sọ fún baba rẹ̀ pé iná ló lọ. Ó sunkún fún Ìyìn lórí fóònù.

"Má sọ òtítọ́ fún un o, olólùfẹ́ mi. Bó bá mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló ti wá, kò ní fi mí fún ọ."

"Dùnmínínú mi, bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

Ìyìn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ní Sátidé, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìjan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Ilésanmí.

"Ẹ má bínú, sà. Iná kò lọ. Èmi ni mo ní kí kọ̀ǹpútà náà máa sùn, n kò sì bi Dùnmínínú léèrè irú iṣẹ́ tó ń fi í ṣe."

Bàbá ní kó dìde. "Kò wá sí nǹkan tó kù?"

Ìyìn mú fóònù jáde, níbi tó kó ìwọ̀nba orin tí kọ̀ǹpútà ti gbà kó tó sùn sí. Ohùn ìyàwó Bàbá dìde, ó kọ ẹsẹ kan àti àbọ̀, ó sì gé. Bàbá di ojú, ó gba orin náà níbi tó ti gé, ó kọ ọ́ parí.

"Ṣé ẹ̀rọ náà ṣì ń sùn?"

"Bí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, sà. Bí iṣẹ́ bá wà, kò ní sùn àfi bí Dùnmínínú bá ní kó sùn. Mo ti fi bó ṣe máa ṣe é hàn án."

Bàbá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ọma mi, ẹni tí o purọ́ bo àṣírí rẹ̀ ti wá tú àṣírí ara rẹ̀. Sọ fún un kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí ulé mi ní Sátidé tó ń bọ̀."

 Ẹkún ayọ̀ Dùnmínínú ló ń gbọ́ lórí fóònù.