Ìka Kan Lábẹ́ Tépù

Orí ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ kí ṣọ́ọ̀bù kí ẹnu rẹ̀ tó kí i. Kò bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, àtẹ́rígbà sì gbá a níwájú orí, gbì. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ dá iṣẹ́ dúró.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ó wí. "Èèyàn ni wọ́n wọ̀n nígbà tí wọ́n ń ṣe ilẹ̀kùn yẹn, wọn ò wọn igi àgbọn."

"Ẹ kú iṣẹ́." Ó ń fọwọ́ ra iwájú orí. "Ṣòkòtò bọ́ọ̀lù mi ni mo wá gbà. Àwọn yòókù ti gba tiwọn."

Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yìí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gbé aṣọ wọn wá lọ́dún náà. Ó ti rán gbogbo rẹ̀ tán, àfi ti ẹnì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn lórí ìwé débi pé ó rò pé akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ṣi ìwọ̀n kọ.

"Ó kù díẹ̀," ni ó dáhùn, bí gbogbo télọ̀ ti ń dáhùn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Ọkùnrin náà na ọrùn. Gíga rẹ̀ jẹ́ kó rí orí pẹpẹ tí oníbàárà mìíràn kì í rí. Aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá, ẹnikẹ́ni ò tíì tú okùn tí wọ́n fi dì í.

"Ṣé díẹ̀ tó kù náà nìyẹn?"

Ojú ti ọmọbìnrin náà, ẹ̀rín sì pa á. Ó mú tépù, ó gun àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Àwọn ará àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà ní Ọmọ Télọ̀, nítorí ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ni ẹ̀rọ náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkùnrin náà ń pe òun ní Àkàbà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bọ́tìnnì kan náà já lára ẹ̀wù Àkàbà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, Ọmọ Télọ̀ fi òwú ìlọ́po mẹ́rin rán an.

"Bí èyí bá tún já, ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń wá níbí gan-an fún mi."

"Ṣé dandan ni kó já kí n tó sọ ọ́?"

Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ tó ń bọ́ Àkàbà. Láràárọ̀, kó tó fẹnu kan nǹkan, á ti ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Bí èyí tó kẹ́yìn kò bá wọlé, kò ní kà á, á tún un jù. Ọjọ́ tí Ọmọ Télọ̀ kọ́kọ́ lọ wò ó ní gbọ̀ngàn ìdíje, ó rí i tó fò, tó sì dúró lókè bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti wọ gàù. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀, kò sì mọ bí òun ṣe máa tú u.

Ó sọ fún bàbá rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà?"

"Àkàbà, Bàbá."

Bàbá wò ó títí. Bíríkìlà ni tẹ́lẹ̀. Orí àkàbà ló ti já bọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sì gbé e dáadáa mọ́ láti ìgbà náà.

"Ìyá mi," bó ṣe máa ń pe ọmọ rẹ̀ nìyẹn, "nínú gbogbo ohun tó wà láyé, àkàbà náà lo rí mú wálé fún mi?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kó mú un wá lọ́jọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Àìkú náà kò bá wọn láyọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Àkàbà fò, ó sọ̀ kalẹ̀, orúnkún òsì rẹ̀ sì yí. Àwọn tó jókòó níwájú gbọ́ ìró rẹ̀. Iṣan inú orúnkún ló já. Ìgbà tó wá kí Bàbá, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọ̀pá méjì ló sì fi ń rìn.

Bàbá wo ọ̀pá méjèèjì. Ó wo ọ̀pá tirẹ̀ tó fi ti ara ògiri.

"Jókòó, ọmọ mi. Mi ò kórìíra rẹ. Ara mi ni mo rí lára rẹ." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sórí àga yìí, tí ìyá ọmọbìnrin yìí ń fi ẹ̀rọ yẹn bọ́ mi. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi náà máa bọ́ ọkọ bẹ́ẹ̀."

"Dókítà ní ó máa san, Bàbá."

"Dókítà tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì bá dọ́gba, tí wọ́n tún gbà ọ́ síṣẹ́ lórí pápá, padà wá. Ojú mi ló máa wọn ẹsẹ̀ náà o, kì í ṣe ẹnu rẹ."

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti tún ìwé àdéhùn rẹ̀ ṣe. Àkàbà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí.

"Olólùfẹ́ mi, wá ẹlòmíràn. Má jẹ́ kí n fi ìgbà rẹ ṣòfò."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ pé kí o bá mi ṣírò ìgbà mi? Ká ṣòkòtò sókè."

Ó yọ tépù lọ́rùn. Itan òsì fi ínṣì méjì àtààbọ̀ kéré sí ọ̀tún, nítorí ẹsẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ a máa rù. Ó ṣí ìwé ìwọ̀n rẹ̀ sí ojú ewé Àkàbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ló ń wọ̀n ọ́n. Àkàbà ń gbé àpò iyanrìn, ó ń gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìdíje lọ, ó ń sọ̀ bọ̀, Ọmọ Télọ̀ sì ń kà á fún un nísàlẹ̀.

"Ó ku mélòó?"

"Ó kù díẹ̀."

"Díẹ̀ ti télọ̀ ni àbí díẹ̀ ti ọmọ èèyàn?"

"Gùn ún lọ, jàre."

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ìwọ̀n náà dúró sójú kan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì kò kúrò lórí ínṣì kan. Ojú Àkàbà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, àánú rẹ̀ sì ṣe Ọmọ Télọ̀. Àwọn télọ̀ a máa fi ìka kan sábẹ́ tépù kí aṣọ má bàa fún oníbàárà. Ní Àbámẹ́ta kẹfà, ó ti ìka kan bọ abẹ́ tépù, ó sì kọ ọ́ pé ààbọ̀ ínṣì ló kù.

Àkàbà kò rẹ́rìn-ín. "Mo mọ ìka rẹ. Yọ ọ́."

"Mo kàn fẹ́ kí inú rẹ dùn ni."

"Ẹnu rẹ lè máa sọ fún mi pé ó kù díẹ̀, ìyẹn dùn mọ́ mi. Àmọ́ tépù kò gbọdọ̀ tàn mí. Òun nìkan ló ń sọ ibi tí mo dé fún mi."

Omi lé lójú ọmọbìnrin náà. Ó fi ìlà pa nọ́ńbà irọ́ náà rẹ́, ó kọ òótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Àkàbà fi àpò iyanrìn kan kún èyí tó ń gbé.

Ó pé oṣù mọ́kànlá kí ẹgbẹ́ kékeré kan tó ní kó wá ṣe ìdánwò ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tó bá níbẹ̀ kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, wọ́n ń pè é ní Bàbá Àgbà. Ó ń fò, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń fò. Lọ́jọ́ kẹwàá, akọ́nimọ̀ọ́gbá pè é sẹ́yìn, ó fún un ní ìwé àdéhùn ọdún méjì.

Kò yà sílé. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló gbà lọ, Ọmọ Télọ̀ ń sáré tẹ̀ lé e.

Bàbá ka ìwé àdéhùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sílẹ̀. "Ó ku ìwọ̀n. Ìyá mi, gbé tépù rẹ wá. Gbé ìwé yẹn náà wá."

Ó ṣí ìwé náà. Ó fi ìka tọ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ títí ó fi kan ibi tí wọ́n ti fa ìlà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

"Mo parọ́, Bàbá. Ó ní kí n pa á rẹ́."

Bàbá pa ìwé náà dé. Ó di ara àga mú, ó sì fi ẹsẹ̀ tí kò gbé e náà kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú Àkàbà. Ọmọ Télọ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó jùwọ́ sí i pé kó dúró. Ó wọn ọ̀tún. Ó wọn òsì, ó pẹ́ nídìí rẹ̀.

"Ó dọ́gba," ni ó wí.

Àkàbà wo ilẹ̀, ó tún wo Ọmọ Télọ̀.

"Kò tíì dọ́gba, Bàbá. Ó ku kọ́tà ínṣì kan. Ìka yín wà lábẹ́ tépù."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Ìyá rẹ̀ ló kọ́ mi. Aṣọ tí èèyàn bá fẹ́ wọ̀ pẹ́, a kì í rán an mọ́ ọn lára pinpin." Ó na ọwọ́ sókè. "Ó yá, àkàbà, gbé mi dìde."

Àkàbà gbé e dìde, kò sì tètè fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá jókòó, ó nu ojú rẹ̀, ó ṣe bí ẹni pé eruku ni. "Aṣọ ìyàwó ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá," ni Ọmọ Télọ̀ wí.

Kò tíì ra aṣọ.