Ife Àkọ́kọ́ Bàbá Kànga

Bí Bàbá Kànga bá gbẹ́ kànga tán, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń mu ife àkọ́kọ́ lójú onílé. Ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ àdúgbò, ó dá àṣà náà dúró ná. Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ gbé àjẹsára olómi mì. Nígbà tó fi di Sátidé, ẹnu ti ń yá a.

“Mo ti mu oògùn wọn,” ló wí níwájú onílé, ó sì da omi kànga tuntun sọ́nà ọ̀fun. “Kòkòrò wo ló tó bẹ́ẹ̀?”

Àṣejù, baba àṣetẹ́! Ìyá tó bí onílé, arúgbó tó ti ní òun ò ní mu omi kankan láìsè é, ń wò ó.

“Bí agbẹ́kànga bá mu ún, kí lèmi ń bẹ̀rù?” Ó gba ife.

Ní ọjọ́ Ajé, ìgbẹ́ gbuuru ti da àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù kan náà. Ojú Bàbá Kànga ti wọnú, omi ń kán wọ iṣan apá rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, dúró tì í.

“Àjẹsára yín ò ṣiṣẹ́,” ni bàbá rẹ̀ ráhùn.

“Bàbá mi, ọjọ́ méjì péré lẹ fún un! Kọnkéré ẹnu kànga tẹ́ ẹ bá dà lónìí, ṣé ẹ máa gùn ún lọ́la?”

“Ṣé orí mi dàrú ni? Kó gbẹ ná.”

“Ẹ ṣeun. Inú ìfun ni onígbáméjì ti ń jà, ìdí nìyẹn tá a fi ń gbé àjẹsára yìí mì. Òkú kòkòrò ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó wà lára ìfun á wò ó, wọ́n á dá a mọ̀, wọ́n á wá ṣe ohun ìjà tí kò ní jẹ́ kí alààyè rẹ̀ ráyè lẹ̀ mọ́ ìfun. Ó ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ni kò ní jẹ́ kí wọ́n tètè gbàgbé. Síbẹ̀, àjẹsára ò sọ omi ẹlẹ́gbin di omi mímu.”

Bàbá Kànga yíjú sí ibùsùn kejì. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìyá, èmi ni mo kó yín sí i. Ẹ forí jì mí.”

Arúgbó la ojú kan. “Jẹ́ n dìde ná. Ìwọ lo máa máa bá mi se omi.”

Wọ́n dìde lóòótọ́, nítorí wọ́n tètè gbé wọn wá. Bàbá Kànga mu ẹ̀ẹ̀kejì, ó pe àwọn elétò ìlera láti da kílórínì tó ń pa kòkòrò sí kànga náà, ó sì se omi ìyá títí ó fi sú u.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí àjẹsára bá dé, ẹ gbé e mì, ẹ padà lọ gba ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má sì dẹ́kun omi sísè àti ọwọ́ fífọ̀. Bí ìgbẹ́ bá ń ya bí omi, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbà lọ. Kẹ́ ẹ tó gbé ife sẹ́nu, ẹ rántí pé ẹnì kan ń wò yín.